Ìgò Kan fún Ẹni Méjì

Ìyàwó mi ju obìnrin ará Itori kan lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ "ìyálé mi" ló ń pè é. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe àwọn méjèèjì. Ará Itori ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ní ọsibítù tí a ń lọ l'Abẹ́òkúta, ìyàwó mi bá a níbẹ̀ ni.

Ìgò oògùn náà ju ohun tí ẹnì kan ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ. Bí wọ́n bá sì ti ṣí i, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, odidi ìgò la sanwó fún, ìṣojú mi ni nọ́ọ̀sì ti da ìyókù nù. Oko obì mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sórí ìgò kí apòògùn ọsibítù tó ní kí àwọn tí oògùn wọn bá jọra máa wá lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n máa pín ìgò, kí wọ́n sì máa pín owó rẹ̀. Wọ́n fi ìyàwó mi àti ará Itori sí Ọjọ́rú.

Ọjọ́rú kan, òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Ará Itori kò dé. Nígbà tó di ọ̀sán, nọ́ọ̀sì ní, "Mama, ṣé ká ṣí i fún yín? Ẹ ó kàn san gbogbo ẹ̀ ni."

"Ẹ ṣí i," ni mo wí.

Ìyàwó mi kò wò mí. "Ẹ má ṣí i. Bí mo bá gba tèmi lónìí, tó bá wá dé lọ́la, ta ni yóò bá a pín? Apá rẹ̀ kò ká owó odidi ìgò."

"Bí kò bá dé, ẹ ó lọ láìgbà á o, Mama."

"Ẹ jẹ́ á dúró."

Inú bí mi. Mo lọ dúró lẹ́nu géètì, mo ń wo ọ̀nà.

Ọkọ̀ tó kó pákó ló gbé ará Itori dé, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

"Ìyàwó burúkú!" ló ń pariwo bọ̀. "Ṣé o ò tíì jẹ ìpín mi?"

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, ìyálé mi. Ọkọ wa ń bẹ nínú ìgò, kò gbà kí n fọwọ́ kan òun láìjẹ́ pé ẹ dé."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní kí wọ́n má mi ọwọ́ tí òun ń gún lábẹ́rẹ́. Ẹ̀rín ìyàwó mi lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣì ń tẹ́tí sí nínú ilé wa l'Adigbe.

Ó kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé ìsìnkú, mo lọ sí ọsibítù, nítorí mo ń rò ó pé ará Itori kò ní ẹni tí yóò bá a pín mọ́. Wọ́n ti wá ẹlòmíràn fún un, obìnrin kan láti Òṣíẹ̀lẹ̀.

Ará Itori rí mi. Ó wo ẹ̀yìn mi, bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Mo mi orí. Ó fi ìborùn bo ẹnu.

Obìnrin tuntun náà fẹ́ jókòó tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sọ́hùn-ún," ni ará Itori wí fún un. "Ìyàwó mi ló ni ibẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ wá jókòó."

Mo jókòó. Wọ́n ṣí ìgò náà, wọ́n pín in fún àwọn méjèèjì. Kò sí èyí tí wọ́n dà nù.