Ìró Abẹ́ Ṣaworo

Ọdún mọ́kànlá ni Shamroz fi wa ọkọ̀ akẹ́rù fún Haji Mirbaz ní ìlú Zhob, ọkùnrin kan tí kì í pe dírẹ́bà rẹ̀ lórúkọ, òṣé ló máa ń pa sí i. Nígbà tí Shamroz wá ra ọkọ̀ àtijọ́ tirẹ̀, ayọ̀ pọ̀ débi pé ó kun ún lódòdó látòkè délẹ̀, ó sì so ìlà ṣaworo mẹ́rin mọ́ ọn níwájú. Bó bá ń bọ̀, ẹ ó rò pé ìyàwó ni wọ́n ń sìn bọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ kó tòmátì lọ sí ìlú Dera, ó rí i pé ọwọ́ géèjì ọ́ìlì ti wálẹ̀ pátápátá. Ó fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ, ọ́ìlì kún. A jẹ́ pé agbára tó ń ti ọ́ìlì káàkiri ẹ́ńjìnnì ló ti lọ. Ó rọra wa ọkọ̀ náà tọ Ustad Jumagul lọ, àgbà mẹkáníìkì tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí wọ́n tó bí i.

Ustad ní kó kọ́kọ́ tú gbogbo ṣaworo yẹn. Nígbà tó tan ẹ́ńjìnnì padà, nǹkan kan ń dún kò, kò, kò nísàlẹ̀.

"Ìgbà wo ló ti ń dún báyìí?"

"Mi ò mọ̀, Ustad. Mi ò gbọ́ ọ rí."

"Níbo lo ti máa gbọ́ ọ? O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá."

Ustad fi géèjì mìíràn wò ó, ohun kan náà ló sọ. Ó wá ń tú páìpù epo ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dórí ìkẹta, ìró náà rọlẹ̀; ibẹ̀ ló ti ń wá. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n rá sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n sì ṣí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà. Bẹ́ríǹ ibẹ̀ ti jẹ tán. Shamroz ń bẹ Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀ pé kó ṣáà dá kíráǹkì sí, ọ̀pá irin tó ń yí láàárín bẹ́ríǹ náà, torí bẹ́ríǹ wà lọ́jà, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe irú kíráǹkì yẹn mọ́.

Ustad nu kíráǹkì náà, ó ní kí Shamroz fi èékánná wọ́ ọ lórí. Ó ń yọ̀, ó ń yọ̀, ó sì kọ́.

"Ó ti sán," ni Ustad wí. "Kò ṣeé jó pọ̀, ọmọ mi."

Shamroz bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun tún un wò. Ojú ibẹ̀ náà ni èékánná tún ti kọ́. Ó pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀, omi ojú ń ṣàn wọ etí rẹ̀. Nígbà tó rá jáde, ó nu ọwọ́ méjèèjì.

"Ustad, ṣé Haji Mirbaz ṣì ń wá dírẹ́bà?"