Ẹ Jọ̀ọ́, Sà, Ẹ Fi Mí Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ júbà fún fọ́tò. Fọ́tò, ìwọ tí o ń sọ ojo di akọni kí a tó ṣẹ́jú! Bí kì í bá ṣe tìrẹ, ta ni ìbá mọ̀ pé jagunjagun ni àwa olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìwó, tí a máa ń sá fún àgbò tó bá ya wọ kíláàsì? O wà lórí ògiri ọ́fíìsì títí di òní, nínú férémù aláwọ̀ wúrà: gbogbo wa nínú aṣọ funfun, ìkúùkù wa sókè, ojú wa le koko bí ekùrọ́.

Ẹ̀rù àwọn ajínigbé ló bí fọ́tò yìí. Àwọn òbí tó ń gbé ọmọ wá láti Kuta àti Ilé-Ogbó ń bẹ̀rù ọ̀nà, ni ìyá tó ni ilé-ìwé wa bá lọ mú olùkọ́ ìjà kan wá láti Ìbàdàn, pé kí ó kọ́ àwa òṣìṣẹ́ bí a ṣe ń gba ara ẹni sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò le. Bí ẹnìkan bá di ọrùn ọwọ́ rẹ mú, yí i sí ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ wà, já a gbà, pariwo, sá.

Ó ku ẹni tí yóò ṣe ajínigbé. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, bàbá àgbàlagbà tó ti fẹ́ fẹ̀yìntì, ló yọ̀ǹda ara wọn. Ibẹ̀ ni nǹkan ti dojú rú. Bàbá di ọwọ́ olùkọ́ ìṣirò mú. Obìnrin náà tẹ orúnkún.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fi mí sílẹ̀.”

“Ẹ já ọwọ́ yín gbà!” ni olùkọ́ ìjà ké.

“Ẹ má bínú, sà, mo fẹ́ já a gbà o.”

“Àǹtí, ṣé ajínigbé lẹ ń bẹ̀ ni?”

“Wọ́n ju bàbá mi lọ! Ṣé kí n ṣẹ́ àgbàlagbà lọ́wọ́ ni?”

Bàbá gan-an ló ń tù ú nínú: “Yí i, ọmọ mi. N ò ní bínú.”

Ó yí i tán, ó kúnlẹ̀ pátápátá, ó tọrọ àforíjì. Ọkùnrin tó tẹ̀lé e dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ó tó na ọwọ́. Títí a fi ṣíwọ́, kò sí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé láìkọ́kọ́ kí i. Lẹ́yìn náà ni ayàwòrán dé, a sì gbé ìkúùkù sókè.

Ọmọbìnrin kan ń wò wá láti ojú fèrèsé kíláàsì àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́. Bàbá rẹ̀ ń roko, ó sì ń kọ́ ọmọ ní kéwú. Agbára wọn kò ká yunifásítì kankan. Ìrètí rẹ̀ kan ṣoṣo ni kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lókè òkun tó máa ń gba ìwọ̀nba ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí ó kọ àròkọ, kí ó fúnra rẹ̀ yan ohun tí yóò kọ nípa rẹ̀. Torí pé èmi ni wọ́n gbà pé mo gbọ́ èèbó jù, èmi ni wọ́n ní kí n tọ́ ọ sọ́nà.

Ohun tó yàn ni ọjọ́ tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ kí ajínigbé. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo dé ìparí, ẹ̀rín gbẹ. Ó kọ ọ́ pé ọlọ́kadà kan ti di òun lọ́wọ́ mú rí lọ́nà Kuta, tí kò fẹ́ jẹ́ kí òun lọ. Òun kò pariwo. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́,” ni òun ń wí, títí àwọn tó ń ti oko bọ̀ fi yọ. Wọ́n ti kọ́ òun bí a ṣe ń kúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kọ́ òun ní ìgbà tó yẹ kí a dìde.

Ìyá tó ni ilé-ìwé ní àfi kí àwọn kà á kí a tó fi í ránṣẹ́. Wọ́n pe àwa méjèèjì.

“Ṣé kí òyìnbó máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Pẹ̀lú fọ́tò yẹn lórí ògiri mi? Kọ ọ́ pé o yí ọwọ́ ọlọ́kadà yẹn bí a ṣe kọ́ àwọn olùkọ́ yín níbí, ó sì ṣubú.”

“Kò ṣubú, mà.”

“Ìbá ṣubú.”

Ọmọ náà yíjú sí mi. “Sà?”

Mo mọ ohun tó ń retí. Mo sì mọ èyí tó dára nínú àròkọ méjèèjì. Ohun tí mo lọ kọ́ ní yunifásítì nìyẹn.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni mo wí fún ìyá náà.

Ọmọ náà tún un kọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fẹ́ràn àròkọ náà débi pé wọ́n ní àwọn fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Obìnrin àgbà kan láàárín wọn bi í léèrè bó ṣe rí lára rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin náà ṣubú. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Kò ṣubú, mà.” Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò gbà á.

Ní Ilé-Ogbó ló wà báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Bí a bá pàdé, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi.

Ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ fún ajínigbé yẹn, èmi ni. Nínú fọ́tò, ìkúùkù tèmi ló ga jù. Mo tilẹ̀ bẹ ayàwòrán pé kí ó tún un yà, torí pé mo rẹ́rìn-ín nínú ti àkọ́kọ́.