Jíìpù Tó Fẹ̀gbẹ́ Kan Dúró Lórí Yanrìn

Jíìpù ni orogún mi àkọ́kọ́. Ọkọ mi ń wà á fún àwọn sàféyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ ní apá Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, nígbà tí ọ̀dà ara ilé Festac kò tíì gbẹ tán. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bi mí bóyá mo ti jẹun, yóò ti sọ gbogbo ohun tí mọ́tò náà ṣe lọ́jọ́ náà fún mi: bó ṣe wọ inú ẹrẹ̀, bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe jọ fà á jáde. Èmi á kàn máa wò ó.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ jù ni ti bí jíìpù ṣe ń dojú dé. Abẹ́ irú rẹ̀ ni awakọ̀ àgbà tó kọ́ ọ níṣẹ́ kú sí, nítorí náà ó sọ òfin ọkùnrin náà di àdúrà. Bí o bá fẹ́ gun òkè, kọjú sí i tààrà. Bí o bá fẹ́ sọ̀, sọ̀ ọ́ tààrà. Má ṣe dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí mọ́tò bá sì fẹ́ wó, ìsàlẹ̀ ni kí o yí ọwọ́ rẹ̀ sí, má yí i sókè láé. Èyí tó máa ń fi parí rẹ̀ ni pé ẹrù kì í gun orí jíìpù tó bá ń lọ sórí yanrìn. Èmi tí n kò di ọwọ́ mọ́tò mú rí, mo mọ gbogbo rẹ̀ sórí.

Inú Festac gan-an kọ́ là ń gbé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló ni ibẹ̀, pẹ̀lú omi ẹ̀rọ àti iná wọn. Ilé pákó ni tiwa, níwájú ibi tí títì parí sí, létí ọ̀sà. Òkè yanrìn ńlá kan wà láàárín àwa àti títì, yanrìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ fà látinú omi láti fi kún àbàtà. Ọ̀nà tóóró kan gba ẹsẹ̀ òkè náà kọjá, òun náà la máa ń gbà jáde.

Oyún méjì ti bàjẹ́ lára mi kó tó di ẹ̀kẹta. Àwọn ará ilé ọkọ mi kò pariwo, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ débi tí mo fi gbọ́: pé kí wọ́n lọ wo ìyá mi dáadáa, pé ọwọ́ rẹ̀ lè má mọ́. Ìyá mi gbọ́ náà. Nígbà tí ẹ̀kẹta wọ oṣù kẹjọ, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní Ìjẹ̀bú, ó wá bá mi, ó ní òun lòun máa wẹ ọmọ yìí.

Ọkọ mi bẹ̀rù rẹ̀ gidi. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ìyá ìyàwó ẹni, èèyàn kì í bá a jiyàn. Láràárọ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lẹ́nu ọ̀nà, á sì dìde tòun ti yanrìn láyà. Bí ìyá mi bá sọ pé ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn ti ń yọ, "Ẹ ṣeun mà" ni yóò wí.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ tí ìrọbí mú mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àgbàrá ti gbé ọ̀nà tóóró náà lọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ká gun òkè yanrìn, ká sọ̀ sí ìhà kejì, ká já sí títì, ká wá forí lé ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ti hàn. Mo mọ ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí i, n kò sì gbé ọmọ kankan wálé. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè gbàdúrà.

Ibi tí mo ti ń kérora ni ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde: ìkòkò àgbo, ìdì igi ìdáná, àpò gàrí, garawa epo pupa, ọpọ́n ìwẹ̀ ọmọ.

"Bá mi kó wọn sórí mọ́tò, ọkọ mi," ló wí fún ọkọ mi. "Láti ọsibítù, ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Festac là ń lọ. Àbí àwọn nọ́ọ̀sì ló máa fún mi ní ìkòkò àgbo?"

Ọkọ mi wo ẹrù. Ó wo òkè yanrìn. Mo rí i tó ń gbé gbogbo òfin rẹ̀ mì.

"Ẹ ṣeun mà," ló wí. Ó gun orí mọ́tò, ó fi okùn so ẹrù náà mọ́ ọn.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ìrora dí mi lẹ́nu. Nígbà tó fi mí sílẹ̀, a ti wà nínú mọ́tò. Orí ẹní ni wọ́n tẹ́ mi sí lẹ́yìn. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì apá òsì, ó gbé orí mi lé itan.

Ọkọ mi kọjú sí òkè náà tààrà, mọ́tò sì ń gùn ún. A kù díẹ̀ ká dé orí rẹ̀ nígbà tí yanrìn tí òjò ti gbẹ́ já lábẹ́ wa. Ẹ̀yìn mọ́tò yọ̀ lọ sápá ọ̀tún, gbogbo rẹ̀ wá dábùú òkè, apá òsì wà nísàlẹ̀. Ẹrù orí mọ́tò sún gìrì sápá ibẹ̀. Àwọn táyà apá ọ̀tún kúrò nílẹ̀, wọ́n balẹ̀, wọ́n tún kúrò.

Ọkọ mi yí ọwọ́ sí ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ ká wó lójú ẹsẹ̀. Mọ́tò fẹ̀gbẹ́ kan dúró, a sì ń gbọ́ yanrìn tó ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ọkọ mi wí, kò lè bojú wẹ̀yìn. "Ẹ má bínú mà. Bóyá kí ẹ rọra gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ mà. Ibi tí ẹ jókòó sí ló ń fà wá wó mà."

"Kí n fi ọmọ mi sílẹ̀ nínú ìrọbí?" Ìyá mi dì mí mú. "Ká jọ kú síbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà," ọkọ mi wí.

Bẹ́ẹ̀ ni mà! Ká ní mo lágbára ni, ǹ bá gbá a létí. Ọkùnrin tó ń fi ìdójúdé mọ́tò kọ́ mi lójoojúmọ́, ó ń bá ikú sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀! Garawa epo ti dànù lórí mọ́tò, epo ń ṣàn pupa lára gíláàsì. Ọmọ náà yí nínú mi. Ó wà láàyè, a sì fẹ́ pa á nítorí pé ẹnikẹ́ni ò fẹ́ rí àgbà fín.

Mo bẹ ìyá mi kó sọ̀kalẹ̀. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ti di ojú, ó ń pe Jésù, kò gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tó lè gbé e dìde, mo sì mọ̀ ọ́n.

"Màmá, ẹ sọ̀kalẹ̀! Àbí òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ nípa yín? Ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ̀kẹta yìí náà ni?"

Ọwọ́ rẹ̀ tú lára mi. Kò sunkún, kò sì ṣépè. Ó rọra gbé orí mi sórí ẹní, ó rápálá gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Bó ṣe jáde, apá ọ̀tún balẹ̀ gbì. Ẹnikẹ́ni ò rán an, ó yí lọ sápá òkè, ó tú okùn ẹrù. Ẹrù rẹ̀ yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀, ìkòkò fọ́.

Ọkọ mi kọjú mọ́tò sísàlẹ̀, ó sọ̀ ọ́ tààrà padà, ó wá ibi tí yanrìn ti le, ó tún gbé e gun òkè. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Ó dúró láàárín yanrìn, ó ká ọwọ́ lérí.

"Màmá ńkọ́?" ọkọ mi bi mí.

"Máa lọ!"

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ̀. Àwọn tó ń pa òwe yẹn ò sí nínú jíìpù lọ́jọ́ náà. Bó bá tún di ọ̀la, màá tún sọ ọ́, nítorí kí oòrùn tó kan àtàrí, mo ti bí ọmọbìnrin, ó sì ké.

Ọ̀sán ti pọ́n kí ìyá mi tó dé. Ó ti fẹsẹ̀ rìn dé títì kó tó rí ọkọ̀ wọ̀. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù lójú gbogbo nọ́ọ̀sì. Ìyá mi ní kó dìde, pé kò ṣẹ òun. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ń retí kó já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi, kó máa kì í, kó máa jó. Ẹ̀yìn ló kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí. Ó wo ọmọ náà pẹ́, ó wá bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí àlejò tó ń tọrọ omi:

"Ṣé o gbà kí n gbé e?"

Mo ní, "Ẹ gbé e, Màmá."

Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó nawọ́.