Ọwọ́ Tí Wọ́n Ní Kó Sinmi

Kékeré ni mo wà nígbà náà, ẹnu mi nìkan ló ti dàgbà. Abúlé wa kò jìnnà sí Lálúpọn. Bí ẹ bá tètè jí tí ẹ gbé igbá gàrí rù, oòrùn ò ní í tíì mú tí ẹ ó fi dé ọjà. Ó ku ọdún bíi mélòó kan kí wọ́n gba òmìnira, àmọ́ àwa ò mọ̀ pé òmìnira ń bọ̀. Ohun tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ tiwa kò ju ẹ̀gẹ́ lọ: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n hú, ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ bó, ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ rin. Bí ẹ bá fẹ́ dá ọmọ abúlé wa mọ̀ láàárín igba ọmọ, ìka ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Páànù oníhò tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ á ti jẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni mò ń sùn. Ìyá àgbà yìí kì í jókòó. Bí àkùkọ bá kọ, wọ́n á sọ fún un pé, "Ìwọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jí?" Wọ́n á lọ sódò, wọ́n á bọ̀, wọ́n á fún adìẹ lóúnjẹ, wọ́n á bú adìẹ, kí wọ́n tó wá kọjú sí agbada gàrí lábẹ́ àtíbàbà. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọrin sí. Ẹ má rò pé orin gidi ni o. Ohun tí ọwọ́ wọn bá ń ṣe ni wọ́n ń kọ jáde lẹ́nu: "Mò ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́ ń bó mi o." Ohùn wọn burú débi pé ewúrẹ́ tó bá dùbúlẹ̀ nítòsí á dìde, á wá ibòmíràn lọ. Ẹnì kan bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ló ń dùn mọ́ wọn tó báyìí, nígbà tí ọkọ ti kú, tí ọmọ mẹ́ta ti kú, tí ilé sì ń jò. Wọ́n ní, "Ilé tó ń jò, ṣé kò ní í rí ẹni gbọ́n omi rẹ̀ ni?" Wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ẹni náà lọ sílé lọ ronú.

Èmi jẹ́ olóríkunkun ọmọ. Bí Ìyá àgbà bá bá mi wí, mo máa ń yọ ṣùtì sí wọn lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, mo ṣèèṣì yọ ọ́ níwájú wọn gan-an. Mo dijú de ìgbájú. Ìgbájú ò dé. Lọ́jọ́ kejì mo tún un ṣe, mo fi ahọ́n kún un. Wọ́n ń bá orin wọn lọ. Mo ní háà, mo ti ṣẹ́gun ìyá yìí! Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń fún ojú pọ̀ níwájú wọn bí ọ̀bọ, kí n tó wá ṣàkíyèsí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá etí agbada kí wọ́n tó da gàrí sí i.

Mo ní, "Ìyá àgbà, ṣé ẹ ò rí mi ni?"

Wọ́n ní, "Mò ń gbọ́ ẹ. Ẹnu tó ń dún tó báyìí, kí ni mo tún fẹ́ fojú wá?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n ní èéfín ti jẹ ojú àwọn, ó ń lọ sí ọdún kejì. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnì kankan, bí àwọn èèyàn bá ti mọ̀, wọ́n á ní kí àwọn jókòó. Mo rẹ́rìn-ín. Kí ló burú nínú ìjókòó? Èmi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rán mi lómi, ẹkún ni mo fi ń pọn ọ́n! Wọ́n ní, "Ìwọ ò mọ̀. Àgbà tí wọ́n bá fi jókòó, ikú ló ń wá fà á dìde."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é yà mí lẹ́nu. Etí ni wọ́n fi ń yan gàrí. Nígbà tó bá ṣì tutù, á máa dún fùù fùù bí ẹni tó sùn. Bó bá ń gbẹ bọ̀, ohùn rẹ̀ á là. Bó bá wá ń dún ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀ bí òjò tó fẹ́ dá, ó ti jinná nìyẹn, wọ́n á kó o kúrò. Kò jóná rí. Gàrí àwọn tójú wọn là ń jóná o, mo mọ̀ wọ́n.

Èmi wá di ojú fún wọn. Bí ẹnì kan bá ń bọ̀, màá ti kí i láti òkèèrè: "Ẹ káàárọ̀ o, ìyá alákàrà!" Ìyá àgbà á ti mọ ẹni tó ń bọ̀. Gbogbo abúlé ní orí mi ti pé, pé mo ti mọ àgbà kí. Lọ́jọ́ kan, Ìyá àgbà fi tiwọn kún un, wọ́n ní, "Ìyá alákàrà, aṣọ yín yìí mà dáa o."

Ìyá alákàrà ní, "Aṣọ wo? Àkísà tí mo fi ń sọ agbada kalẹ̀ ni mo ró yìí."

Ìyá àgbà ní, "Ó ṣáà yẹ yín."

Mo sá lọ sẹ́yìn ilé, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo ti rìn dé Kánò, mo ti sùn lórí ibùsùn onítìmùtìmù, mi ò tíì rí ayé tó dùn tó ayé abẹ́ àtíbàbà yẹn.

Ẹnu mi ló bà á jẹ́.

Àwa ọmọdé wà létí odò, a ń fọ́nnu. Ọmọ kan ní eyín ìyá àgbà òun pé lẹ́nu, wọ́n ń fi fọ́ èkùrọ́. Òmíràn ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni tòun bí ìbejì. Ara mi ò gbà á. Mo ní, "Tèmi fọ́jú, wọ́n sì ń yan gàrí. Tiyín ṣe é rí?" Wọ́n sáré gbé omi wọn rù. Inú mi dùn, mo ti borí gbogbo wọn. Omi tí mo rù kò tíì dé ilé tí ọ̀rọ̀ ti dé.

Ìyá alákàrà ló kọ́kọ́ sáré dé, ọwọ́ lórí. "Iná ni o! Iná ò mọ àgbà o! Bó bá ràn mọ́ yín láṣọ ńkọ́?" Bàbá mi, tó ń ránṣọ ní Ìbàdàn, dé lọ́jọ́ Sátidé. Ará ìjọ Aládùúrà ni wọ́n. Wọ́n gbàdúrà sómi, wọ́n fi bọ́ ìyá wọn lójú. Omi náà tutù dáadáa, ojú ò là. Wọ́n wá tú àga aláṣọ kan tí wọ́n rà bọ̀, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ sinmi."

Ìyá àgbà ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé ó rẹ̀ mí?"

Wọ́n gbé agbada lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Kò sí ìkà nínú gbogbo wọn. Ká ní ìkà ni wọ́n, Ìyá àgbà ì bá bá wọn jà. Ta ló ń bá ẹni tó ń ṣàánú ẹni jà?

Èmi ni mo bẹ ìyá mi, mo sunkún, mo kọ oúnjẹ, títí wọ́n fi gbà pé kí Ìyá àgbà tún yan ẹyọ agbada kan, níwọ̀n ìgbà tí bàbá mi ti padà sí Ìbàdàn. Wọ́n yan án. Ó dára ju tàtẹ̀yìnwá lọ, funfun, ó ń dún lẹ́nu. Èmi ni mo rù ú lọ sọ́jà Lálúpọn lẹ́yìn ìyá mi. Gàrí ìyá mi tà tán. Tèmi, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní ó dáa, wọ́n á tún ní, "Ti ìyá tó fọ́jú yẹn kọ́ nìyí?" Wọ́n á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á máa tú u bí ẹni wá abẹ́rẹ́. Obìnrin kan ní, "Ẹ má bínú o, kò ní nǹkan tó ṣe é. Ọkàn mi ni ò gbà á." Ó lọ ra ti ẹlòmíràn, èyí tó jóná.

Nígbà tí a délé, Ìyá àgbà nawọ́ láti sọ̀ mí. Mo ní, "Wọ́n rà á gan-an o! Díẹ̀ ló kù!" Ọwọ́ wọn ti wà lábẹ́ igbá nígbà náà. Wọ́n gbé e wò.

Wọ́n ní, "Díẹ̀ yìí mà wúwo o." Wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Wọn ò dárúkọ agbada mọ́. Iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń tọrọ. Ìyá mi bu ẹ̀wà fún wọn kí wọ́n máa ṣà á. Wọ́n ṣà á láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, ni ìyá mi bá yọ́ sọ fún mi pé kí n gbé e lọ sẹ́yìn ilé, kí n tún un ṣà nítorí òkúta. Mi ò rí òkúta kan ṣoṣo níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀wà kì í bọ́ sínú abọ́ páànù kó má dún. Ìyá àgbà pè mí látorí àga wọn lọ́hùn-ún: "Mélòó lo rí?"

Mo ní, "Kò sí, Ìyá àgbà."

Wọ́n ní, "Ó dáa."

Láti ọjọ́ náà, wọn ò tọrọ iṣẹ́ kankan mọ́, wọn ò sì kọrin mọ́. Ewúrẹ́ wá ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn. Ọyẹ́ bá wọn níbẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ ò bá wọn. Lójú oórì, àwọn èèyàn ń sọ pé, "Wọ́n ti lọ sinmi." Ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ló dà mí lórí rú.

Mi ò ní sọ fún yín pé ayé àtijọ́ dára ju tòní lọ. Èéfín ayé àtijọ́ ló fọ́ ojú yẹn. Lálúpọn ti ní ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ báyìí, ìka àwọn ọmọ wọn ń dán, mo sì bá wọn yọ̀. Àmọ́ láyé ìgbà náà, ìyá kan ṣoṣo ni wọ́n fi jókòó lábúlé wa. Lóde òní, gbogbo àwa àgbà ni. Ogójì ọdún ni mo fi ta ẹja gbígbẹ lọ́jà Olódò, mo bú oníbàárà, oníbàárà bú mi, ara mi yá. Àwọn ọmọ mi ti ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Wọ́n ní, "Mọ́mì, ẹ sinmi." Wọ́n ra tẹlifíṣàn fún mi. Ó ń sọ̀rọ̀, mò ń dá a lóhùn, kò gbọ́. Mo jókòó sọ gbogbo ìtàn yìí fún àkọ́bí mi láìfi ọ̀rọ̀ kan pamọ́, bóyá yóò yé e. Ó ní, "Ìtàn yín dùn o, Mọ́mì," ó sì fi ìrọ̀rí sí mi lẹ́yìn.

Wọ́n ti da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo àgbàlá, kí ẹrẹ̀ má bàa yọ̀ mí ṣubú. Láàárọ̀ yìí, kí wọ́n tó jí, mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá a láti ẹsẹ̀ ògiri títí dé géètì. Ilẹ̀ iyanrìn máa ń gba ipa ìgbálẹ̀, ẹni tó bá jí á mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo nàró, mo bojú wẹ̀yìn. Mi ò rí ibi tí mo gbá.