Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Fi Aṣọ Bò De Àlejò

Lórí káàdì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí Eluby mú dání, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kẹta ti ṣàn wọ inú ìkẹrin, etí rẹ̀ sì ti bu, ó funfun bí irun etí ológbò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ilé àyẹ̀wò tó wà nígboro dá a padà: kò wúlò, kò tíì gbẹ tí wọ́n fi dì í.

Eluby mọ ẹni tó dì í. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gún ìka aláìsàn ní ilé ìwòsàn Chimbalanga létí adágún Malawi, òun fúnra rẹ̀ sì ti ń lo oògùn kòkòrò éèdì kí ó tó gba iṣẹ́ náà. Ó mọ̀ pé káàdì ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ sùn kí ó jí kí ó tó gbẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó gba ẹ̀jẹ̀ Falesi, aláìsàn tó ni káàdì yìí, ọ̀gá wọn, Kamphinda, gbọ́ pé àlejò pàtàkì ń bọ̀ láti Lilongwe, olú ìlú. Kí ni àlejò fẹ́ fi káàdì tí wọ́n sá bí ẹja usipa ṣe? Ó kó gbogbo wọn ní tútù, ó rọ́ wọn sínú ọ̀rá, ó sì ní kí wọ́n fi epo nulẹ̀. Àlejò kò wá. Ilẹ̀ dán. Ọgbọ́n Kamphinda kì í kọjá ibi tí ojú àlejò lè dé.

Falesi wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú oyún oṣù méje, ara rẹ̀ ń rù. Bí oògùn rẹ̀ kò bá ràn án mọ́, ọmọ inú rẹ̀ lè kó àrùn náà. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tí yóò pààrọ̀ oògùn fún un láìmọ iye kòkòrò tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n tún ti sọ ẹ̀jẹ̀ mi nù?”

“Wọn ò sọ ọ́ nù. Wọ́n palẹ̀ rẹ̀ mọ́ de àlejò ni.”

“Ṣé kí n ní kí ọmọ yìí náà dúró dè wọ́n?”

Eluby wọ ọ́fíìsì ọ̀gá lọ. Ẹ̀rọ tí í ka kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ kí nsima ọ̀sán tó jinná ti wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́rin ni Eluby fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Aṣọ tí wọ́n fi òwú hun ló wà lórí rẹ̀, rìbọ́nù pupa tí àlejò yóò gé yí i ká, ìkòkò òdòdó jókòó lé e.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi yẹ ẹ̀jẹ̀ Falesi wò.”

“Eluby, ṣé wọ́n máa ń bu oúnjẹ ìgbéyàwó jẹ kí ọkọ ìyàwó tó dé ni?”

“Ọkọ ìyàwó yín ti já wa kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀gá.”

“Ó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Lọ gba òmíràn sórí káàdì.”

Eṣinṣin bà lórí aṣọ náà. Kamphinda lé e, ó sì fi ìka méjì tún etí aṣọ ṣe, bí ìyá tó ń bo ọmọ rẹ̀. Eluby dúró wò ó títí ó fi parí. Kò tún bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ọkùnrin yìí kì í dé ibi iṣẹ́ kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, ọwọ́ Eluby sì ni kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì máa ń wà nítorí gbígbálẹ̀. Ó ní kí Falesi dé ní agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Òun fúnra rẹ̀ yóò gé rìbọ́nù náà, yóò sì fi ẹ̀jẹ̀ Falesi sínú ẹ̀rọ.