Omi Wàláà

Lánàá, ọmọ mi ṣí ìgò yíǹkì dúdú kan, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá àgbà ní Ìwó.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá mi, n kò sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ará ilé bẹ̀ mí, wọ́n fi gúgúrú àti ẹ̀pà tàn mí, ẹnu mi kò là. Bàbá àgbà, tí wọ́n jẹ́ ààfáà, kò bẹ̀ mí rárá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé wàláà, pátákó tí a fi ń kọ́ kéwú, lé mi nítan, wọ́n fún mi ní gègé àti tàdáwà, yíǹkì dúdú àwọn ààfáà.

"Ohun tó bá wà nínú rẹ ni kí o yà síbẹ̀."

Mo ya ìyá mi: orí roboto, gèlè, ọwọ́ tó gùn ju ẹsẹ̀ lọ.

Nílé wa, tí ara ẹnìkan kò bá yá, Bàbá á kọ àdúà sára wàláà, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ sínú igbá, aláìsàn á sì mu ún. Èmi náà bu omi, mo fọ ìyá mi sínú igbá, mo gbé e mu.

Àwọn ọmọ kéwú kígbe. Mo ń retí pàṣán.

"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?" Bàbá ló bi mí.

"Ó korò, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Wọ́n gba igbá náà, wọ́n mu èyí tó kù. Mo ti dàgbà kó tó yé mi pé ọmọ bíbí inú wọn ni wọ́n ń mu.

"Tún un yà," ni wọ́n wí. "O gbàgbé èjí rẹ̀."

Ọlọ́run kẹ́ Bàbá. Títí dòní, tí ọkàn mi bá wúwo, gègé ni mo kọ́kọ́ ń wá, kí n tó wá ọ̀rọ̀.