Ẹṣin Bàbá Onípáànù

Ẹṣin náà kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e dé láti Òkè Ọya ti dúró síwájú ilé kejì sí tiwa láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, ọyẹ́ sì bo gbogbo àdúgbò bíi pé wọ́n ku eérú sójú afẹ́fẹ́. Wọ́n ti kó àwọn àpò àlùbọ́sà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kúrò, wọ́n ti fi pákó gbọọrọ ṣe ọ̀nà fún un, síbẹ̀ ó dúró lókè níbẹ̀, etí rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn, ó ń wo gbogbo wa bí ẹni tí kò tíì jí tán. Àwọn géńdé kan fẹ́ tì í lẹ́yìn. Bàbá tó rà á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó rọra gun pákó náà, ó lọ dúró tì í.

"Ọ̀nà rẹ̀ jìn," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó wo ibi tó dé ná."

A dúró. Nígbà tó pẹ́, bàbá náà yíjú padà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ bíi pé ó ti gbàgbé pé ẹṣin wà lẹ́yìn òun, ẹṣin náà sì tẹ̀ lé e. Mo ṣì ń gbọ́ ìró pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó yẹn, kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Abo ni, ó pupa bí obì, àmì funfun kan wà níwájú orí rẹ̀. Bó ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òórùn àlùbọ́sà ló ń rùn.

Páànù ìbolé ni bàbá náà ń tà, lẹ́bàá ọjà, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Bàbá Onípáànù. Mùsùlùmí ni wọ́n nílé wọn, Kristẹni ni wá nílé tiwa, tíṣà ni bàbá mi, ògiri kan ṣoṣo ló sì pààlà láàárín wa. Àárín ọdún 1980 sí 1990 ni. Mo wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, irun orí Bàbá Onípáànù sì ti funfun báláú. Ìyàwó rẹ̀, tí a ń pè ní Àlàájà, dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí ẹṣin dé, ó ká ọwọ́ gbera.

"Ẹni tí orúnkún ń dùn, tí mo ń fi òrí pa á lẹ́sẹ̀ lálaalẹ́," ló wí, "òun ló wá ra ẹṣin."

"Àlàájà, mo gbọ́," ni Bàbá dáhùn.

Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé ńláńlá máa ń gun ẹṣin lọ sí ojúde ọba láti lọ kí kábíyèsí. Ìdílé Bàbá Onípáànù kò sí lára wọn. Ó sọ fún mi nígbà tó yá, bí a ṣe jọ ń gé koríko, pé bàbá òun ló máa ń di ìjánu ẹṣin mú fún olówó kan. Bí Iléyá bá ti dé, á fi ẹsẹ̀ rìn níwájú ẹṣin náà láti ilé dé ààfin, á tún fi ẹsẹ̀ rìn padà, títí tó fi kú.

"Kò gùn ún rí?" ni mo bi í.

"Ta ni yóò gbé e gùn ún? Èmi náà sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo kéré sí ọ. Mo ń wo ìdí ẹṣin." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ wo etí rẹ̀ láti òkè lẹ́ẹ̀kan kí n tó lọ."

Ọkùnrin ará Òkè Ọya tó bá ẹṣin náà wá lo ìwọ̀nba ọjọ́, ó kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń di gàárì àti bí wọ́n ṣe ń wo abẹ́ pátákò, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Páànù ni Bàbá fi bo ilé tó kọ́ fún ẹṣin náà, ọjà tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe kù gìrì lé e, ẹṣin ta ìpá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ògiri. Lọ́jọ́ kejì, oníṣòwò páànù gun àkàbà, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bo páànù rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí òjò má baà pariwo mọ́. Aládùúgbò kan fún ẹṣin náà ní èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, inú sì run ún, Bàbá ń mú un rìn yí àgbàlá po títí oòrùn fi wọ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìyá ọmọ tuntun. Nítorí eṣinṣin ńlá inú igbó tó máa ń ta ẹṣin lárùn, a ń sun èèpo ọsàn gbígbẹ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Èéfín yẹn ń wọ ilé wa, ó ń wọ aṣọ ìsìn wa. Ìyá mi á fa òórùn aṣọ símú kó tó wọ̀ ọ́, á ní, "Ọlọ́run á mọ̀ pé ẹṣin la fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Ẹṣin dá Bàbá mọ́lẹ̀ lójú wa, ó tún dá a. Àwọn tó ń kọjá ń rẹ́rìn-ín. Àlàájà á bá a gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, á sì wọlé. Bàbá á jókòó sílẹ̀ díẹ̀, á ní, "Bí ẹṣin bá dáni, à tún un gùn ni," á dìde. Kó tó di pé òjò rọ̀ dáadáa, ó ti ń jókòó lórí rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sórí àga tirẹ̀.

Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi dání. Bàbá mi ló gbà pé kí n lọ, ìyá mi kò fẹ́. Tí wọ́n bá kírun àsùbáà tán ní mọ́sálásí, mo ti ń dúró lẹ́nu géètì. Á gbé mi síwájú gàárì, a ó sì gba ọ̀nà Ìmùṣin lọ jẹ́jẹ́. Kùrukùru ṣì wà lórí oko nígbà náà. Igi obì á yọ, á tún rá. Àwọn obìnrin tó ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko á jáde láti inú funfun yẹn, a kò ní rí ẹsẹ̀ wọn, wọn á ní, "Ẹ kú ìrìn o," wọn á sì wọ inú rẹ̀ padà. Ara ẹṣin móoru lábẹ́ mi. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ àti èémí Bàbá, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ tèmi nínú wọn. Ìgbà mìíràn oorun á gbé mi lọ, ọwọ́ Bàbá á sì rọra tì mí padà sáàárín. Bí oòrùn bá ti là kùrukùru, a ó yí padà, ayé á tún di ayé.

Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, Bàbá lọ rán agbádá sányán. Ó ra aṣọ pupa tí yóò fi ṣe gàárì lọ́ṣọ̀ọ́. Inú gbogbo àdúgbò dùn, àní àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ẹṣin náà sanra, ara rẹ̀ ń dán, Bàbá sì ń yangàn pé èèpo ẹ̀wà ló bá a lára mu.

Àlàájà ló dé ilé ẹṣin lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti da èèpo ẹ̀wà sílẹ̀. Kì í sún mọ́ ẹṣin yẹn. Á ju oúnjẹ sí i láti òkèèrè ni. Lọ́jọ́ náà ó dúró. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e níkùn.

"Ẹ wá ná," ló wí.

Bàbá wá. Mo wà níbẹ̀, mo ń tu gọ̀gọ̀ ẹṣin.

"Nǹkan ń mira nínú ẹran yìí."

"Àjẹyó ni."

"Mo gbé oyún tó iye tí mo gbé, ẹ fẹ́ kọ́ mi ní oyún?" Ó fa ọwọ́ Bàbá, ó fi lé ibi tí ọwọ́ tirẹ̀ wà. Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, wọn kò wo ara wọn. Mo rí i tí ojú Bàbá yí padà.

Ẹṣin náà ti lóyún kó tó kúrò ní Òkè Ọya, a kò mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n jókòó síta, mo sì wà lórí ògiri tó pààlà, mo ń gbọ́ wọn. Àlàájà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Ẹ lè gùn ún. Ojúde ọba kò jìn. Ẹ rọra lọ, kí ẹ rọra bọ̀."

"Ìbọn ńkọ́?"

Gbogbo wa mọ bí ìbọn ṣe máa ń dún lọ́jọ́ yẹn, tí ẹṣin á máa fò sókè láàárín èrò.

"Bó bá ta ìpá, tó ṣubú?" ni Bàbá wí. "Ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ọdún kan gbáko." Àlàájà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ní ọjọ́ orí yín."

"Mo mọ ọjọ́ orí mi."

Nígbà tí ọjọ́ kẹta Iléyá pé, Bàbá wọ agbádá sányán rẹ̀. A rò pé ó fẹ́ lọ wòran ni, ṣùgbọ́n ilé ẹṣin ló wọ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ojú ọ̀nà ilé wa ni àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń gbà kọjá, nígbà tí ìbọn àkọ́kọ́ sì dún, ara ẹṣin náà gbọ̀n látòkè délẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi bo etí rẹ̀ méjèèjì. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó fi iwájú orí ti iwájú orí rẹ̀. Apá agbádá rẹ̀ bo ojú ẹṣin bí aṣọ ìkélé.

Mo gun orí igi ìdáná tí wọ́n tò jọ, mo ń wo ìta. Ògiri ga, n kò lè rí ẹṣin kankan. Orí àwọn tó gùn wọ́n nìkan ni mo ń rí, àti agbòòrùn aláràbarà, wọ́n ń léfòó kọjá lọ lórí ògiri bí ewé lójú odò.

"Kí lo rí?" ni Bàbá bi mí láìyíjú padà.

"Fìlà ni, Bàbá. Fìlà ń kọjá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò létí ẹṣin títí èrò fi kọjá tán. Nígbà tó gbé wọn wá sílẹ̀, kò lè nà wọ́n mọ́, Àlàájà ló fi omi gbígbóná wọ́ ọwọ́ náà fún un.

Nígbà tí òjò tún le, ẹṣin náà bí, ní ìdájí ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọmọ náà ti wà nílẹ̀, ó tutù, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀. Ó dìde, ó ṣubú, ó tún dìde. Àlàájà tí kì í fẹ́ òórùn ẹṣin tú ìró ara rẹ̀, ó ku yẹ̀rì, ó sì fi ìró náà nu ọmọ ẹṣin gbẹ. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Bàbá jókòó sórí koríko, ó kàn ń sọ pé, "Alihamudulilai, alihamudulilai," bí ẹni tó ń sọ ọ́ lójú oorun.

Iléyá tó tẹ̀ lé e ni Bàbá wá gun ẹṣin náà jáde. Àwọn èèyàn ti ní kó já ọmọ ẹṣin náà lẹ́nu ọmú tipẹ́, ó kọ̀, ó ní kò sí ohun tó ń lé wọn. Wọ́n so ọmọ mọ́lé. Bàbá jáde nínú sányán, fìlà rẹ̀ dúró ṣánṣán, aṣọ pupa lórí gàárì, òun sì dá nìkan wà lẹ́yìn ìdílé ńlá kan tó ń kọjá. Àwọn ará àdúgbò pàtẹ́wọ́. Mo ń sáré lẹ́bàá ọ̀nà láti bá wọn lọ. Ojú rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa. Ó ń wò láàárín etí ẹṣin.

A kò tíì dé oríta nígbà tí ọmọ ẹṣin yán láti ilé. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ẹṣin dúró. Bàbá fi ẹsẹ̀ gbá a níkùn díẹ̀, kò lọ. Ọmọ náà tún yán. Ẹṣin yí padà lójú kan náà láàárín ọ̀nà, ó sì sáré.

N kò tíì rí irú eré bẹ́ẹ̀. Èrò là sí méjì. Agbádá Bàbá ṣí lẹ́yìn rẹ̀ bí ìyẹ́, fìlà rẹ̀ fò lọ, ó dì mọ́ gọ̀gọ̀ ẹṣin, orí rẹ̀ funfun báláú nínú oòrùn, wọ́n sì kọjá lára mi bí afẹ́fẹ́. Mo pariwo pé ó ti kú.

Nígbà tí mo fi dé ilé, ó ṣì wà lórí gàárì nínú àgbàlá. Ọmọ ẹṣin ti já okùn, ó wà lábẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń mu ọmú. Àlàájà dúró níwájú wọn, ó di ìjánu mú.

"Ṣé ẹ dé ojúde ọba?" ló bi í.

"N kò dé ibẹ̀."

Mo rò pé ó fẹ́ sunkún. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí tí kò fi lè sọ̀rọ̀, ó ń fi apá agbádá nu ojú.

"Mo sáré," ló wí nígbẹ̀yìn. "Àlàájà, mo sáré."

Kò tún gùn ún lọ sí ojúde ọba mọ́, orúnkún kò gbà. Àrùn eṣinṣin ló pa ẹṣin náà ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ṣin kan ní Ìmùṣin. Bàbá kú nígbà tí mo wà ní ilé ìwé gíga, mi ò sì sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín.

Fún ìgbà pípẹ́, mo máa ń rò pé ìtàn ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ ohun tó ń wá ni ìtàn rẹ̀. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó kù sí mi lára láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni pé n kì í bẹ̀rù láti jẹ́ àgbà tó ń kọ́ nǹkan lójú àwọn èèyàn, n kì í sì kánjú láti bínú bí nǹkan ọ̀hún bá gba ibòmíràn yọ sí mi. Lọ́dún tó kọjá mo lọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, èmi tí mo ti ní ọmọ ọmọ. Àwọn ọmọdé ló kún inú omi náà. Àbúrò mi obìnrin tó sìn mí débẹ̀ bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe ní ọjọ́ orí yìí. Mo bọ́ bàtà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì wọ inú omi lọ.